Fóònù yín ní yunifásítì: ẹ ti nọ́ńbà kí ẹ tó ti ojú rẹ̀

Ẹ mú fóònù akẹ́kọ̀ọ́ kan ní yunifásítì iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Kétu ní Bẹ̀nẹ̀, kí ẹ tú u wò. Owó MoMo (owó orí fóònù) tí ìyá rẹ̀ fi ránṣẹ́ láti Ìlárá wà níbẹ̀. Gúrúùpù WhatsApp tí wọ́n ń gbé àkókò ìdánwò sí wà níbẹ̀. Mémoire (ìwé àṣekágbá ẹ̀kọ́ rẹ̀) tó ti dé orí kẹta wà níbẹ̀, tòun ti ohùn àwọn àgbẹ̀ tó gbà sílẹ̀ lóko, orúkọ wọn, nọ́ńbà wọn, ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n ń dá. Bí fóònù náà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí zém (ọ̀kadà) láàárín ọjà sí ilé-ẹ̀kọ́, owó tó fi rà á ló kéré jù nínú ohun tó sọnù.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kóòdù tí àwọn fi ti ojú fóònù ti tó. Kò tó. Olè tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í bá ojú fóònù jà. Á yọ puce (káàdì SIM), á tì í sínú fóònù tirẹ̀, á wá jókòó máa retí kóòdù tí Google, WhatsApp àti àwọn yòókù ń fi SMS ránṣẹ́ sí nọ́ńbà yín. Puce tí kò ju èékánná lọ yẹn ló ń ṣí gbogbo yàrá tó kù. Ìdí nìyí tí a fi bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà. Èdè Faransé la fi kọ orúkọ àwọn ibi tí ẹ ó tẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe wà lójú fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa. Ó lè yàtọ̀ díẹ̀ láti Tecno sí Samsung.

Puce àti nọ́ńbà

Ẹ wá páálí pẹlẹbẹ tí ẹ yọ puce lára rẹ̀ nígbà tí ẹ rà á. PIN (nọ́ńbà àṣírí tó ń ṣí puce) àti PUK (èyí tó ń ṣí i bí ẹ bá ṣi PIN títí tó fi tì) wà lára rẹ̀. Bí ó bá ti sọnù, ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ yín lọ sí ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ tó ni puce náà, MTN, Moov tàbí Celtiis, kí wọ́n fún yín ní PUK kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ó yá, ẹ ṣí “Paramètres”, ẹ wọ “Sécurité”, ẹ wá “Verrouillage de la carte SIM”. Lórí àwọn fóònù kan ó máa ń sá pamọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá. Ẹ tẹ “SIM” sínú àpótí ìwákiri tó wà lókè “Paramètres”, yóò yọjú. Lórí iPhone, “Réglages”, “Données cellulaires”, “Code PIN de la SIM”. Ẹ tan án. Yóò béèrè PIN tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. 0000 ló sábà máa ń jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ wo páálí, ẹ má méfò: ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹ lè ṣì í. Lẹ́yìn ẹ̀kẹta, puce á ti ara rẹ̀, á máa béèrè PUK oní-nọ́ńbà 8. Bí ẹ bá ṣi PUK náà ní ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, puce ti kú nìyẹn, tuntun ni ẹ ó lọ gbà. Bí ó bá gba PIN àtijọ́, ẹ yí i padà sí tiyín, kí ó má sì jẹ́ ọ̀kan náà pẹ̀lú kóòdù MoMo. Fóònù elépuce méjì, ẹ ṣe é fún méjèèjì.

Ẹ pa fóònù, ẹ tún un tàn. Bí kò bá béèrè PIN kí ó tó mú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ẹ kò tíì ṣe é. Àléébù kan wà níbẹ̀: bí bátìrì bá kú tí fóònù sì tún tàn nínú báàgì, ìpè kankan kò ní wọlé títí ẹ ó fi tẹ PIN. Ẹ kọ PUK sínú ìwé tó wà nílé. Kò gbọdọ̀ sí nínú fóònù kan náà.

Ohun kejì tí ọ̀pọ̀ kò rántí: ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀ kúrò ní 8, ó di 10, a fi 01 síwájú gbogbo wọn. Google, Facebook àti ìkànnì ilé-ẹ̀kọ́ tí ẹ ti forúkọ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ yẹn lè máa mú nọ́ńbà àtijọ́ lọ́wọ́ síbẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà ni ẹ ó mọ̀, nígbà tí kóòdù tí wọ́n ní àwọn fi ránṣẹ́ kò bá dé. Ẹ lọ wò ó lónìí: “Paramètres”, “Google”, “Gérer votre compte Google”, “Sécurité”. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ báyìí: +229 01.

Ẹ̀kẹta, ta ni puce yín wà lórúkọ rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín ló rà á, tàbí ẹni tó ń ta puce lẹ́bàá ọ̀nà ló fi ìwé ẹlòmíràn forúkọ sílẹ̀, ọjọ́ tó bá sọnù ẹ kò ní rí i gbà padà. Orúkọ inú ìwé ni ọ́fíìsì ń wò, kì í ṣe ojú yín. Ẹ mú ẹni tó ni ìwé náà dání, ẹ lọ yí i sí orúkọ ara yín nígbà tí ara ṣì le. Nọ́ńbà tí ẹ kò lò mọ́ pẹ̀lú, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú Google àti WhatsApp kí ó tó kú, nítorí ilé iṣẹ́ fóònù lè tà á fún ẹlòmíràn, kóòdù yín á sì máa wọlé tọ onítọ̀hún.

Ojú fóònù

Kóòdù oní-nọ́ńbà 4 ní ọ̀nà 10.000 tí ènìyàn lè gbà tẹ̀ ẹ́. Oní-6 ní 1.000.000. Ẹ lo 6, kí ó má sì jẹ́ ọdún ìbí yín, torí pé ó wà lórí káàdì ilé-ẹ̀kọ́ tó wà nínú àpò kan náà. Àwọn tó ń fa ìlà láti ti fóònù, ẹ jẹ àkàrà tán, ẹ ṣí fóònù yín, kí ẹ gbé e dà síhà oòrùn: ipa ọ̀rá ìka yín á yọ kedere, láti ibi tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ dé ibi tí ẹ parí sí. Ẹni tó jókòó tì yín ní amphi (gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́) kò nílò ju ìyẹn lọ.

Ìka títẹ̀ dára, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó bá ti ń dá oko tàbí tó ń bó ẹ̀gẹ́ a máa ya, fóònù kò sì ní í dá a mọ̀ mọ́. Ẹ forúkọ àtàǹpàkò kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ọwọ́ mọ́, lẹ́ẹ̀kan nígbà tí ẹ dé láti oko.

Ẹ fi ìgbà tí ojú fóònù ń kú sí ìṣẹ́jú-àáyá 30. Lẹ́yìn náà, ẹ wọ “Notifications”, ẹ wá èyí tó jẹ mọ́ “écran de verrouillage”, kí ẹ ní kí ó fi ọ̀rọ̀ inú pamọ́. Bí ẹ kò bá ṣe é, SMS tó gbé kóòdù wá á hàn lójú fóònù tí a tì, olè á sì kà á láì ṣí ohunkóhun.

Google àti WhatsApp

Nínú “Sécurité” Google tí ẹ dé lẹ́ẹ̀kan, ẹ tan “Validation en deux étapes”. Kí ẹ tó jáde, ẹ wá “Codes de secours”. Google á fún yín ní kóòdù 10, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà 8, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni ẹ lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi bírò kọ wọ́n sínú ìwé. Ẹni tó bá ya fọ́tò wọn sínú fóònù ti so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Ẹ má fo ìgbésẹ̀ yìí. Ẹ ó rí ìdí rẹ̀ níbi tí a bá ti dé ọ̀rọ̀ fóònù tó sọnù.

Lórí WhatsApp, “Paramètres”, “Compte”, “Vérification en deux étapes”: ẹ yan nọ́ńbà 6, kí ẹ sì fi ímeèlì yín sí i nígbà tí ó bá béèrè. Ẹni tí kò fi ímeèlì sí i tó wá gbàgbé nọ́ńbà náà yóò dúró ọjọ́ 7 gbáko.

Ẹ̀tàn tó wọ́pọ̀ jù ní gúrúùpù kíláàsì rí báyìí. Ọ̀rẹ́ yín, pẹ̀lú fọ́tò rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀, kọ̀wé sí yín: “Jọ̀wọ́, mo ṣèèṣì fi kóòdù mi ránṣẹ́ sórí nọ́ńbà rẹ, bá mi fi í ránṣẹ́ padà.” SMS oní-nọ́ńbà 6 sì wọlé lóòótọ́. Kóòdù WhatsApp tiyín ni. Wọ́n ti gba ti ọ̀rẹ́ yín tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n ń lò láti pè yín. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá ti fi í ránṣẹ́, ẹ tún WhatsApp forúkọ sílẹ̀ lórí fóònù yín lójú ẹsẹ̀: kóòdù tuntun á wá sórí nọ́ńbà yín, bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ olè á já bọ́. Bí ó bá ti fi nọ́ńbà 6 tirẹ̀ sí i, ẹ ó dúró ọjọ́ 7 kí ẹ tó wọlé, ṣùgbọ́n òun náà wà níta. Ẹ̀yin responsable (aṣojú) kíláàsì, tiyín ni wọ́n ń wá jù, nítorí ohun tí responsable bá kọ sí gúrúùpù, kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mejì.

Ilé fọ́tòkọ́pì

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́ jù, a sì fẹ́ rọra sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn gbé mémoire wá, ènìyàn mẹ́jọ á tò síwájú kọ̀ǹpútà kan, iná á ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹni tó ń tẹ̀wé á ní “fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp mi.” Ẹ fi í ránṣẹ́. Mémoire yín, nọ́ńbà yín, fọ́tò yín ti di ti ilé náà. Ní ọdún tó ń bọ̀ ẹ lè pàdé orí kejì yín nínú ìwé ẹlòmíràn, tòun ti àṣìṣe ìkọ̀wé tí ẹ kò rí.

Èyí tó burú jù ú lọ ni kí ẹ ṣí WhatsApp Web lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ tẹ̀wé tán, ẹ lọ, WhatsApp yín ṣì wà níbẹ̀. Kò nílò kí fóònù yín wà nítòsí. Kọ̀ǹpútà náà á máa ka ọ̀rọ̀ yín nìṣó, àfi bí ẹ bá yọ ọ́ kúrò nínú WhatsApp fúnra yín, tàbí tí ẹ kò bá lo fóònù yín fún ohun tó ju ọjọ́ 14 lọ. Ẹ ṣí “Appareils connectés” nínú WhatsApp nísinsìnyí. Bí ẹ bá rí kọ̀ǹpútà tí kì í ṣe tiyín, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ jáde kúrò lórí rẹ̀.

Bí ó ṣe yẹ kí ẹ ṣe é rèé. Ẹ sọ ìwé náà di PDF nílé, kí lẹ́tà tó ní àmì má ba yí padà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ gbé PDF yẹn nìkan sínú clé USB tí kò sí ohun mìíràn nínú rẹ̀. Ẹ dúró tì í títí wọn ó fi tẹ̀ ẹ́ tán. Bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sórí “Bureau” tàbí sínú “Téléchargements”, ẹ bẹ̀ wọ́n pẹ̀lú ẹ̀rín kí wọ́n fi Maj àti Suppr pa á rẹ́, kí ó má lọ dúró sínú àpótí ìdọ̀tí. Bí kò bá sí clé USB, tí ẹ sì gbọ́dọ̀ ṣí Gmail níbẹ̀, ẹ tẹ Ctrl, Maj àti N lórí Chrome kí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ ṣí, kí ẹ sì pa fèrèsé náà kí ẹ tó dìde. Tí ẹ bá délé, ẹ wo “Vos appareils” nínú Google.

Clé tó bá ti ilé fọ́tòkọ́pì dé, ẹ fura sí i. Àmì kòkòrò tó wọ́pọ̀ ni pé gbogbo fáìlì inú rẹ̀ ti di raccourci (ọ̀nà àbùjá lásán, kì í ṣe fáìlì gan-an), wọ́n ní ọfà kékeré ní igun, ìwọ̀n wọn kò ju 1 tàbí 2 Ko lọ. Ẹ má tẹ ọ̀kankan nínú wọn, nítorí títẹ̀ yẹn gan-an ló ń gbé kòkòrò náà wọ kọ̀ǹpútà. Ẹ má sì sunkún: ó sábà máa ń jẹ́ pé a kàn fi àwọn fáìlì yín pamọ́ ni. Lórí Windows, ẹ ṣí “Invite de commandes”, bí clé bá jẹ́ E, ẹ kọ:

attrib -h -r -s /s /d E:\*.*

Ẹ tẹ Entrée. Fáìlì yín á yọ padà. Ẹ kó ìwé yín nìkan jáde, ẹ fi antivirus yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ wá fọ clé náà mọ́ pátápátá. Kòkòrò Windows kì í bá Android jà, ṣùgbọ́n fóònù tí ẹ ki clé náà bọ̀ lè gbé e lọ bá kọ̀ǹpútà ọ̀rẹ́ yín.

Ọ̀rọ̀ gbígba iná sí fóònù níbẹ̀ kò gùn. Ẹ mú orí ṣájà tiyín lọ, ẹ fi í sí ihò iná ara ògiri. Bí ó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ni ẹ so ó mọ́, fóònù á béèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi okùn náà ṣe: “Charge uniquement” ni kí ẹ yàn, “Transfert de fichiers” á tú gbogbo fọ́tò yín síta. “Débogage USB” gbọ́dọ̀ wà ní pípa. Bí ẹ kò bá mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ kò tíì tàn án, ẹ fi í sílẹ̀.

Wi-Fi àti áàpù

Orúkọ Wi-Fi kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹnikẹ́ni lè fi orúkọ Wi-Fi ilé-ẹ̀kọ́ sórí “partage de connexion” (íńtánẹ́ẹ̀tì tí fóònù ń pín) tirẹ̀. Wi-Fi tó bá béèrè kóòdù MoMo tàbí ọ̀rọ̀ aṣínà Gmail kí ẹ tó wọlé, ẹ jáde níbẹ̀. Bí Chrome bá kọ “Votre connexion n'est pas privée”, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ àti aago fóònù yín, nítorí bátìrì tó kú pátápátá a máa da ọjọ́ rú, ìkìlọ̀ yìí á sì jáde. Bí ọjọ́ bá pé, tí ìkìlọ̀ kò lọ, ẹ má tẹ̀síwájú.

Áàpù tí a ń fi Xender pín láàárín ara wa, pàápàá àwọn WhatsApp aláwọ̀ oríṣiríṣi, kò wá láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ni WhatsApp. Àwọn ni wọ́n ń ka ọ̀rọ̀ yín kí ó tó lọ, bí wọ́n bá fẹ́, WhatsApp sì lè ti nọ́ńbà yín pa nítorí wọn. Ẹ wá “Installer des applis inconnues”, kí ẹ pa á fún Xender, Chrome àti WhatsApp. Áàpù tó ń yáni lówó tó sì ń béèrè orúkọ gbogbo ènìyàn inú fóònù yín, àwọn ènìyàn yẹn ló fẹ́ fi dójú tì yín lọ́la.

Ohun tí àwọn àgbẹ̀ fi lé yín lọ́wọ́

Èyí kan àwọn tó ń fi KoboCollect (áàpù tí a fi ń gba ìdáhùn sínú fọ́ọ̀mù) ṣiṣẹ́ lóko, àti olùkọ́ tó ń kó máàkì sínú fóònù. Orúkọ, nọ́ńbà àti ohùn ẹni tí ẹ fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò kì í ṣe tiyín. Òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, ìyẹn Code du numérique, dáàbò bò wọ́n, APDP, àjọ tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni, ló sì ń mójú tó o.

Ẹ fún àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní àmì, bíi K01, K02, kí ẹ kọ orúkọ wọn sínú ìwé ọ̀tọ̀ tí kò ní í bá fóònù rìn. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́. Ẹ ka iye tó dé orí ìkànnì, ẹ fi wé iye tó wà nínú ìwé yín. Bí 14 bá dọ́gba pẹ̀lú 14, ẹ wá pa ti inú fóònù rẹ́. KoboCollect ní ibi tí ẹ ti lè ní kí fọ́ọ̀mù máa pa ara rẹ̀ rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti lọ, ṣùgbọ́n kíkà yẹn ni kí ẹ fi síwájú. Ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀ kì í bá fọ́ọ̀mù lọ bí ó bá jẹ́ áàpù mìíràn ni ẹ fi gbà á; ẹ gbé òun náà sórí Drive. 15 Go ni Google ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, Gmail àti fọ́tò sì ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ yọ fídíò ìgbéyàwó kúrò kí àyè lè wà fún mémoire.

Bí ó bá sọnù

Ẹ má pè é nígbà ogún kí ẹ tó ṣe ohun mìíràn. Pè é lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹni tó ń wa zém ló bá a. Bí kò bá gbé e, ẹ gba fóònù ọ̀rẹ́ yín, ẹ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀, ẹ lọ sí android.com/find. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń há: Google lè béèrè kóòdù kejì, kóòdù náà sì ń lọ sórí fóònù tó sọnù. Kóòdù 10 tí ẹ fi bírò kọ ni ẹ ó lò. Ẹ ti fóònù, kí ẹ fi nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín hàn lójú rẹ̀. Ẹ má tíì pa ohun inú rẹ̀ rẹ́; bí ẹ bá ti pa á rẹ́, ẹ kò ní mọ ibi tó wà mọ́. Bí àwòrán ilẹ̀ bá fi ilé kan hàn yín, ẹ má dá lọ kanlẹ̀kùn.

Ìgbà yẹn gan-an ni kí ẹ pe ilé iṣẹ́ puce kí wọ́n ti nọ́ńbà àti MoMo, kí ẹ sì mú ìwé ìdánimọ̀ lọ gba puce tuntun. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà Google padà, ẹ sọ fún gúrúùpù kíláàsì kí ẹnikẹ́ni má fi owó ránṣẹ́ bí “ẹ̀yin” bá tọrọ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá á béèrè IMEI, nọ́ńbà 15 tó wà lára páálí fóònù. Ẹni tó ti sọ páálí nù, kí ó tẹ *#06# nígbà tí fóònù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé tó kọ PUK sí.

Bí ẹ bá fẹ́ tà á

Ẹ yọ puce, ẹ yọ káàdì mémòrì. Ẹ kọ́kọ́ yọ àkáǹtì Google kúrò nínú “Comptes”, kí ẹ tó wá ṣe “Réinitialiser”. Bí ẹ bá kọ́kọ́ lo bọ́tìnì láti fọ fóònù náà tí àkáǹtì ṣì wà nínú rẹ̀, ojú rẹ̀ á máa béèrè Gmail àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín lọ́wọ́ ẹni tó rà á, onítọ̀hún á sì padà wá bá yín pẹ̀lú ariwo pé fóònù olè ni ẹ tà fún òun.